Òkè Ìdáàṣà àti Ojú Ọjọ́ Rẹ̀: Kí Ló Ń Mú Ìlú Tutù?

Ọ̀rọ̀ orí rédíò, nínú ètò ìmọ̀ ilẹ̀ àti ojú ọjọ́

Ojú ọjọ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí pé kò sí ọlọ́lá tí oòrùn kì í pa, kò sì sí ọba tí òjò ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rọ̀. Ìlú tí a óò fi ṣe àpẹẹrẹ ni Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìbéèrè wa kò ju ọ̀kan lọ: kí ló ń sọ pé kí ìlú kan tutù kí èkejì gbóná, nígbà tó jẹ́ pé oòrùn kan náà ló ń ràn lé gbogbo wa lórí?

Ẹni tó bá gbéra ní Kútọnù, tó dorí kọ àríwá, yóò rin nǹkan bíi 200 kìlómítà kó tó dé Ìdáàṣà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni yóò máa rí fún ìgbà pípẹ́: oko àgbàdo, igi ọ̀pẹ, ìlú Bohicon pẹ̀lú ariwo ọjà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókèèrè, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí wọn yóò fi yí ọkọ̀ ká. Ní Ìdáàṣà ni títì ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Glazoué lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou. Ojú irin tí ìjọba Faransé là láti Kútọnù lọ sí Parakou náà gba ibẹ̀ kọjá. Ìlú olókè 41 ni wọ́n ń pe Ìdáàṣà, iye ọ̀wọ̀ sì ni 41 nínú ẹ̀sìn àwọn baba wa ní àdúgbò yẹn. Ọmọ Yorùbá ni àwọn onílé. Ìdílé ọba wọn, tí à ń pè ní Ọmọ Jagun, ń tọ́ka orísun wọn sọ́dọ̀ Jagun Ọlọ́fin, ẹni tí ìtàn wọn sọ pé ó wá láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Òkè wọ̀nyí ti gba ẹ̀mí là rí. Láyé ogun, nígbà tí ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń jáde láti Àbọ́mẹ̀ wá ẹrú kiri, àárín àpáta ni ará Ìdáàṣà ń sá sí. Ẹni tó wà lókè ń rí ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀tá tó wà nílẹ̀ kò sì mọ ihò tí ọmọ onílé gbà wọlé. Ìgbà tí Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, túúbá fún Faransé ní 1894 ni ìbẹ̀rù yẹn tó lọ tán. Títí dòní, bí ará Ìdáàṣà bá ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀, òkè ló máa kọ́kọ́ nàka sí.

Àwọn àpáta yìí ti pẹ́ láyé ju ìtàn èèyàn lọ. Inú ilẹ̀ jíjìn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti dì, láti inú òkúta tí ooru ti yọ́, ó sì ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló fọ erùpẹ̀ tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, tí àpáta líle fi ṣẹ́kù síta. Òkúta kan náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ìlú jókòó lé. A ó padà sórí èyí, torí òun ló ń sọ bí ooru àti omi ṣe ń rí ní Ìdáàṣà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibi tí òkè bá ti wà, ibẹ̀ á tutù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni ooru afẹ́fẹ́ ń dín kù. Tó bá gòkè tó 1,000 mítà, ooru á ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí yìnyín fi ń bo orí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù, tí wọ́n ga ju 2,000, 3,000 mítà lọ. Ṣùgbọ́n òkè Ìdáàṣà kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gun 200 mítà, díẹ̀ ni yóò fi ju ìwọ̀n 1 lọ nínú ohun tó máa jèrè. Bí ara bá tù ú nígbà tó dé orí àpáta, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i láìsí igi àti ilé tó dí i lọ́nà ló ṣe é. Gíga òkè nìkan kò lè mú Ìdáàṣà tutù.

Ẹ jẹ́ ká wá bi ìlú mìíràn léèrè. Ní orílẹ̀-èdè Swítsáláńdì, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Montreux, létí adágún Léman. Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú náà ga kọjá 2,000 mítà, yìnyín sì máa ń bo orí rẹ̀ nígbà òtútù. Síbẹ̀, létí omi, nínú ìlú kan náà, igi tó jọ ọ̀pẹ ń dàgbà nínú ọgbà, wọn ò sì kú nígbà òtútù. Ẹni tó bá kúrò létí omi tó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gòkè, kò ní pẹ́ rárá kó tó bá ara rẹ̀ nínú yìnyín. Kí ló ṣe etí omi lóore tí kò ṣe fún orí òkè? Adágún yẹn ni. Ó fẹ̀ tó 580 kìlómítà níbùú lóròó, ibi tó jìn jù lọ nínú rẹ̀ sì jìn tó 310 mítà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé yín. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú, ẹ gbé abọ́ omi kan síta, kẹ́ ẹ sì gbé òkúta dúdú ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di aago méjì ọ̀sán. Ẹ wá fọwọ́ kan òkúta: ẹ ó tètè fa ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi: ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Oòrùn kan náà, wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jóni lọ́wọ́, ìkejì kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó fà á ni pé omi ń gba ooru púpọ̀ sára kó tó gbóná. Ooru tó máa mú kí kìlógíráàmù omi kan fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i, bí a bá kó o fún kìlógíráàmù àpáta kan, yóò mú un gbóná sí i tó ìwọ̀n 5. Bí omi bá wá pọ̀, tó sì jìn, ìgbì á tún máa ro ó pọ̀, ooru ojú omi á máa wọlé lọ sísàlẹ̀. Àpáta kò ní ìgbì. Ooru tó gbà láàárọ̀ kì í wọ inú rẹ̀ jìnnà kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn ni ojú rẹ̀ ṣe ń gbóná janjan lọ́sàn-án tó sì ń tutù kíákíá lóru. Adágún Léman ń gba ooru pamọ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù, ó wá ń yọ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù. Ìlú tó wà létí rẹ̀ kì í gbóná jù, kì í sì í tutù jù.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà ní Lavaux, létí adágún kan náà, máa ń sọ pé oòrùn mẹ́ta ló ń ràn sí oko wọn: oòrùn ojú ọ̀run, oòrùn tó ń ta padà láti ojú omi, àti ooru tó ń jáde lára ògiri òkúta tí àwọn baba ńlá wọn fi gbá oko dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Àjọ UNESCO ti fi ilẹ̀ oko yẹn sínú àwọn ogún àgbáyé láti 2007. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n mọ òkúta lóore pẹ̀lú. Níbi tí òtútù ti jẹ́ ọ̀tá, òkúta tó ń yọ ooru jáde lálẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ àgbẹ̀. Níbi tí ooru ti jẹ́ ọ̀tá bíi ti ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀ mìíràn.

Ohun tí adágún ń ṣe fún ìlú kan, òkun ń ṣe é fún odidi ilẹ̀. Ẹ wo Glasgow ní Skọ́tíláńdì àti Moscow ní Rọ́ṣíà. Bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín ayé tó ni èkejì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà tó. Síbẹ̀, nínú oṣù Kìíní, omi òjò ló sábà máa ń rọ̀ ní Glasgow, yìnyín ló sì máa ń bo Moscow mọ́lẹ̀. Ìtòsí òkun ni Glasgow wà, afẹ́fẹ́ òkun ló ń fẹ́ sí i. Àárín ilẹ̀ gbígbẹ ni Moscow wà. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Bìrìtéènì mọ ojú ọjọ́ yìí dáadáa: òjò winniwinni, ọ̀sán tí kò gbóná, òru tí kò fi bẹ́ẹ̀ tutù ju ọ̀sán lọ.

Àwa náà ní òkun tiwa. Ní Kútọnù, tó wà létí òkun gan-an, ìyàtọ̀ ooru ọ̀sán àti ti òru kì í sábà ju ìwọ̀n 4 sí 8 lọ. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdáàṣà nínú oṣù Kìíní: ọ̀sán lè dé 35, ìdájí sì lè wálẹ̀ dé 20 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n 15 nìyẹn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó da aṣọ bora ní aago márùn-ún ìdájí ni yóò máa wá ibòji kiri ní aago kan ọ̀sán. Bí 200 kìlómítà bá ti wà láàárín ìlú kan àti òkun, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ tí ará Kútọnù ń jẹ̀gbádùn kì í dé ibẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n òkun kò gbàgbé Ìdáàṣà. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún láàárín ara wọn níbẹ̀. Èkínní ń ti orí òkun wá, láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, omi sì kún inú rẹ̀. Láti oṣù Kẹta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, pẹ̀lú ìjì àti àrá. Tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, òun ló ń darí ohun gbogbo. Ìkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn: òun là ń pè ní ọyẹ́. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló ń jọba. Erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú tó ń gbé bọ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, máa ń bo orí àpáta títí òkè iwájú ilé á fi dàbí ohun tó wà nínú èéfín. Ètè á bẹ́, ewé á gbẹ, aṣọ tí a sá á gbẹ kíá. Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ tán tí òjò kò sì tíì dé, láti ìparí oṣù Kejì wọ oṣù Kẹta, ni Ìdáàṣà máa ń gbóná jù lọ.

Omi òjò tó ń rọ̀ lágbègbè náà lọ́dún kan wà ní nǹkan bíi 1,100 mìlímítà. Àárín méjì ni ìlú náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ òjò. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ìgbà òjò méjì ló wà lọ́dún, pẹ̀lú ìsinmi nínú oṣù Kẹjọ. Ní àríwá, ìgbà òjò kan ṣoṣo ló wà. Ní Ìdáàṣà, bí ọdún bá ṣe rí ni: lọ́dún kan òjò á dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ, lọ́dún mìíràn kò ní dáwọ́ rárá. Ìdí rèé tí àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ní láti mọ ojú òfuurufú kà. Ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí ará gúúsù lè rí i kó, ó sì lè pàdánù rẹ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti kajú ló gba ìyípadà yìí mọ́ra jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbára lé wọn.

Oṣù Kẹjọ yìí gba kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru láti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè létí ilẹ̀ Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kọjá lórí omi tútù yẹn kì í tètè gòkè di òjò ńlá, ṣùgbọ́n ìkúùkù rẹ̀ á bo ojú oòrùn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ní Ìdáàṣà, ọ̀sán oṣù Kẹjọ kì í sábà kọjá 29 tàbí 30, òru sì wà ní nǹkan bíi 22. Ìgbà yìí gan-an ni Ìdáàṣà máa ń sún mọ́ ojú ọjọ́ ìlú etí òkun jù lọ. Ó sì bá àkókò tí èrò ń rọ́ wá síbẹ̀ mu: nínú oṣù Kẹjọ ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń wá sí ihò àpáta Ìyá Wa ti Arígbó fún ìrìn-àjò mímọ́. Láti 1954 ni ibi mímọ́ yẹn ti wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ọjọ́ 15 oṣù kan náà ni Savalou tó wà nítòsí ń ṣe ọdún iṣu. Àwọn tó bá dé láti Kútọnù, láti Lomé, láti Nàìjíríà, a máa sọ pé ìlú tutù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òkun ló bá wọn fi ìkúùkù bo oòrùn. Kí wọ́n padà wá nínú oṣù Kẹta, ohun mìíràn ni wọn yóò sọ.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ìdí tí ilẹ̀ yìí fi gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò rí i pé igbó kìjikìji bo etí òkun láti Láíbéríà dé apá kan Gánà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ dé Kóńgò. Láàárín méjèèjì, ní ìlà-oòrùn Gánà, ní Tógò àti ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dàn ló dé etí òkun. Ní Accra, òjò ọdún kan wà ní nǹkan bíi 800 mìlímítà, ní Èkó ó kọjá 1,500. Ara ohun tó fà á ni omi tútù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ náà ni bí etí òkun ṣe yà: afẹ́fẹ́ òkun ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ lọ dípò kó forí sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ wò rí i pé igbó ti wà níbẹ̀ rí, àti pé nǹkan bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ọ̀gbẹlẹ̀ gba ibẹ̀, tí ọ̀dàn sì rọ́pò igbó. Èyí kọ́ wa pé igbó tó bá lọ lè má padà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí àpáta. Ẹ jẹ́ ká wo orí àpáta pẹrẹsẹ kan nínú oṣù Kìíní, létí abúlé. Obìnrin kan ti bẹ ẹ̀gẹ́, ó ti gé e wẹ́wẹ́, ó sì ti tú u sórí àpáta bíi kó tẹ́ ẹní. Ìsàlẹ̀ ń gba ooru òkúta, òkè ń gba oòrùn, ọyẹ́ ń fẹ́ láàárín. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀gẹ́ yóò fi gbẹ gbáú, tí a bá ṣẹ́ ẹ á dún páú, yóò sì ṣe é lọ̀ sí èlùbọ́. Kò ra ẹ̀rọ, kò san owó iná. Ooru tó ń lé ọmọdé kúrò lórí òkúta ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa nìyẹn: wọ́n mọ ohun tí òkúta mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n sì gbé iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ fún un.

Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, àpáta kan náà yóò fi ìwà mìíràn hàn. Kò lè mu omi. Omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀, tí díẹ̀ yóò kó jọ sínú kòtò kéékèèké tó wà lójú àpáta, tí ìyókù yóò sì dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ òkè fi máa ń ní igi ju àárín pápá lọ: òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀ ló mu, ó sì tún mu èyí tó ṣàn wá láti orí àpáta. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí ìrókò, ọ̀dán àti oṣè tó ti dàgbà tipẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ilẹ̀, òkúta ṣì wà. Omi tó wọlẹ̀ kò rí ibi gbòòrò kó ara jọ sí. Inú ẹ̀sán àpáta ló ń wà. Ẹni tó gbẹ́ kànga tó sì bá ẹ̀sán pàdé, ó rí omi. Ẹni tó gbẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè gbẹ́ títí kó bá òkúta gbígbẹ. Ìyẹn ló fà á tí omi fi ń ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn ní ìlú tí òjò rẹ̀ kò kéré.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé kò sí adágún lórí òkè kankan nílẹ̀ Yorùbá ni? Ó wà. Ní Àdó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, adágún Ìyàkẹ́ wà lórí àpáta, àwọn èèyàn sì ń gòkè lọ wò ó. Ohun ọ̀wọ̀ ni, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kí omi tó lè yí ojú ọjọ́ odidi ìlú padà, ó gbọ́dọ̀ tóbi, kó sì jìn gan-an, bíi Léman. Adágún kékeré ń tu ẹni tó jókòó tì í lára, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí Ìdáàṣà fi lè dà bíi Montreux nípa wíwa adágún kan tàbí méjì.

Kí wá ni Ìdáàṣà ní tó lè ṣe iṣẹ́ adágún fún un? Igi ni. Ẹ wo àmù amọ̀ tó wà ní igun ilé. Omi inú rẹ̀ tutù ju omi inú kẹ́ẹ̀gì ike lọ, torí pé omi ń yọ́ jáde lára amọ̀, ó ń di oru, bó sì ṣe ń di oru ló ń gba ooru lọ lára àmù. Kí lítà omi kan tó di oru pátá, ooru tó gbà ju ìlọ́po 5 ooru tó máa mú lítà omi tútù nini hó lọ. Ohun tí ewé igi ń ṣe nìyẹn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Gbòǹgbò ń fa omi láti inú ilẹ̀ àti láti inú ẹ̀sán àpáta, ewé ń sọ ọ́ di oru, afẹ́fẹ́ àyíká ń tutù. Bákan náà, ibòji igi kì í jẹ́ kí oòrùn kan òkúta. Òkúta tí oòrùn ò kàn lọ́sàn-án kò ní ooru tó máa tú sínú yàrá wa lálẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gé igi ẹ̀gbẹ́ òkè láti fi sun èédú, tàbí tí ẹni tó ń ṣọdẹ bá ti iná bọ igbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí iná sì gun àpáta, ohun tó ń mú ìlú tutù ni a ń pa. Lẹ́yìn iná, erùpẹ̀ díẹ̀ tó wà láàárín òkúta á ṣí sílẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ á gbá a lọ. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí erùpẹ̀ tó kó ara jọ sórí àpáta, òjò alẹ́ kan péré ló sì tó láti fọ̀ ọ́ lọ. Bí erùpẹ̀ bá ti lọ, igi kò rí ibi fìdí múlẹ̀ sí mọ́, omi òjò á máa sáré kọjá láìwọlẹ̀, kànga á sì máa yára gbẹ.

Àwọn àgbà tó wà láyé ní 1983 á rántí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, nígbà tí òjò ṣọ̀wọ́n láti Gánà dé Nàìjíríà, tí iná jó oko àti igbó, tí oúnjẹ sì wọ́n gógó. Láti ìgbà náà, ooru ayé ti ń pọ̀ sí i, torí èéfín tí iléeṣẹ́ àti ọkọ̀ ayé ń tú sójú òfuurufú, tí púpọ̀ rẹ̀ kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ wa. A ò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró láti Ìdáàṣà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín àdúgbò tó nígi àti àdúgbò tí kò nígi, ọwọ́ wa ló wà.

Nǹkan mẹ́ta la fẹ́ bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin ará Ìdáàṣà, ẹ̀yin ará Glazoué, Ṣábẹ̀ẹ́, Savalou, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́sẹ̀ àpáta ní Abẹ́òkúta, ní Ìdànrè àti níbi gbogbo.

Àkọ́kọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òkè sílẹ̀ fún igi. Ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀, ẹ̀yin olórí àdúgbò, ẹ jẹ́ kó di èèwọ̀ láti ti iná bọ ẹ̀gbẹ́ àpáta nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn baba wa fi èèwọ̀ dáàbò bo igbó orò, igbó yẹn ló sì ṣì dúdú títí dòní nígbà tí gbogbo àyíká rẹ̀ ti pọ́n. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbin igi gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, nínú oṣù Kẹfà tàbí Keje, kí gbòǹgbò lè rìn jìnnà kí ọyẹ́ tó dé.

Ìkejì, ẹ gba omi òjò. Mìlímítà òjò kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó. Òrùlé páànù tó fẹ̀ tó 50 mítà bẹ́ẹ̀, bí òjò ọdún bá tó 1,100 mìlímítà, lítà omi tó ń bọ́ sórí rẹ̀ lọ́dún kan jẹ́ 55,000. Bí a bá rí ìdajì rẹ̀ gbà sínú àgbá àti kòtò tí a rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì, tí a sì bò ó dáadáa kí ẹ̀fọn má bàa pamọ sí i, ìyà omi inú ẹ̀ẹ̀rùn á dín kù nílé wa, àwọn ọmọbìnrin wa á sì rí àyè dé iléèwé lásìkò.

Ìkẹta, ẹ ronú kẹ́ ẹ tó kọ́lé. Ilé tí a kọ́ mọ́ àpáta ní ìhà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń ràn, àpáta á máa tú ooru sí i títí di òru. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ìhà tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá, ìyẹn ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, kí igi sì wà láàárín ilé àti òkúta.

Ìlú Montreux bá adágún rẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Tiwa ni pé ọwọ́ ara wa la fi máa gbin ohun tó máa mú ìlú wa tutù, ọwọ́ ara wa la sì lè fi pa á run. Ẹ gbin igi, ẹ má sun òkè.